Ta Ni Ó Ń Sọ Ìtàn Náà? Ìbẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìtàn Àròsọ Yorùbá àti Àwọn Tí Ó Ń Fẹ́ Kọ Ọ́

Ní oṣù Keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde. Obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni ó ń kọ wọ́n sí olótùú ìwé ìròyìn náà. Ó ní òun ti jẹ ayé dé góńgó ní ìgbà èwe òun ní ìlú Èkó, pé àwọn ọkùnrin tí ó ti fẹ́ òun kò ṣeé kà tán, ṣùgbọ́n pé àìsàn àti òṣì nìkan ni ó kù sí òun lọ́wọ́ nísisìyí. Nítorí náà ni òun ṣe ń sọ ìtàn ayé òun, kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn títí ó fi di oṣù Kẹta ọdún 1930. Àwọn ènìyàn kà á, wọ́n gbà á gbọ́, àánú ṣe wọ́n, àwọn náà sì ń kọ lẹ́tà sí olótùú nípa ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà kò sí níbì kankan. Olótùú fúnra rẹ̀, Isaac Babalọlá Thomas, ni ó ń jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ tí ó ń kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀.

Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè pé ìwé wo ni ó jẹ́ ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ. A kò lè bá wọn wí. Inú ìwé ìròyìn ni ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá ti bẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn kì í sì í pẹ́ di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ tàbí àkàrà. Lóòótọ́ Thomas kó àwọn lẹ́tà náà jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé ní 1930, ṣùgbọ́n ìwé náà kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ bí ti Fágúnwà ti wọ̀ ọ́, ohun tí kò bá sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa, ó ṣòro kí ìran tí ó ń bọ̀ tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe láti gba oyè lọ́wọ́ Fágúnwà ni a ṣe ń mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí a bá sọ fún pé inú igbó ni ìtàn àròsọ Yorùbá ti ṣẹ̀ wá, yóò rò pé dandan ni kí òun náà wọ igbó kí òun tó lè kọ̀wé. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé orí ibùsùn obìnrin aláìsàn kan ní ìlú Èkó ni ó ti ṣẹ̀ wá, ìyẹn yóò rí i pé ilẹ̀kùn ilé náà ju ọ̀kan lọ.

Kí Thomas tó gbé kálàmù, ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti di èdè àkọsílẹ̀. Samuel Ajayi Crowther ti ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ní 1843. Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Bíbélì ti wà, ìwé orin ti wà, ìwé ìtàn àwọn ìlú pẹ̀lú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nígbà tí ó di ọdún 1920 sí 1930, àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ ní Èkó, wọ́n sì ń du òǹkàwé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Inú ìdíje báyìí ni ìtàn alápá púpọ̀ ti wúlò: ẹni tí ó bá ka ti ọ̀sẹ̀ yìí, yóò fẹ́ ra ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. E. A. Akíntàn, olótùú Elétí Ọfẹ, náà kọ ìtàn ọmọ òrukàn kan tí ó pè ní Ìgbẹ̀hìn-a-dùn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí ń bẹ̀rù ìwé gígùn ní ìgboyà. Thomas kò jókòó kọ ìwé odindi ní ìjókòó kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ìwọ̀n tí ojú ewé ìwé ìròyìn lè gbà, iṣẹ́ olótùú kò sì dúró dè é.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ Thomas ni yíyàn tí ó yan ẹni tí yóò sọ ìtàn náà, àti ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ó lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ìbá sọ ọ́, bí oníwàásù, pé obìnrin kan wà ní Èkó, ó ṣe báyìí, ó jìyà báyìí, ẹ ṣọ́ra. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò máa rántí rẹ̀ lónìí. Dípò èyí ó fa kálàmù lé ẹlẹ́ṣẹ̀ náà lọ́wọ́. Àwọn ará Èkó ìgbà náà mọ lẹ́tà kíkọ sí olótùú. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí àwọn tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà kò sí ohun tí ó ṣòro fún wọn láti gbàgbọ́. Sẹ̀gilọlá ń dárúkọ àdúgbò tí wọ́n mọ̀, ó ń kọ orin tí wọ́n ti kọ rí, ó ń fa ọ̀rọ̀ Bíbélì yọ, ó sì ń sunkún. Síbẹ̀, àárín ẹkún náà ni adùn wà. Bí ó bá dé ibi tí yóò ti sọ bí òun ti ṣe rẹwà tó, bí àwọn ọkùnrin ti ṣe ń ná owó lé òun lórí, ohùn rẹ̀ a yí padà; a mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ń ronú pìwà dà, ṣùgbọ́n pé ọkàn rẹ̀ kò tíì kúrò níbi ijó. Níbi tí ẹnu àti ọkàn asọ̀tàn ti yàtọ̀ sí ara wọn yìí gan-an ni ìwé náà ti di ìtàn àròsọ, tí ó fi kọjá ìkìlọ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń kọ̀wé a máa bẹ̀rù láti jẹ́ kí ẹni tí ń sọ ìtàn wọn ṣe àṣìsọ tàbí kí ó tan ara rẹ̀ jẹ. Wọ́n a fẹ́ kí ó gbọ́n bí àwọn fúnra wọn. Thomas kò bẹ̀rù èyí.

A wá kan Fágúnwà. Òkè-Igbó ni a ti bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní 1903. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew ní Ọ̀yọ́, níbẹ̀ náà ni ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní àwọn ọdún tí ó fi kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé ìtẹ̀wé C.M.S. ní Èkó ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ àwọn iwin inú rẹ̀, àwọn abàmì ẹ̀dá, àti ìjà Àkàrà-Ògùn pẹ̀lú wọn; ìwọ̀nyí ni àwọn olùkọ́ máa ń tẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ìwé náà ti ṣí. Akọ̀wé kan wà ní ìjókòó rẹ̀. Bàbá arúgbó kan wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó kí i, ó sì ní kí ó mú kálàmù àti ìwé, kí ó kọ ohun tí òun yóò sọ sílẹ̀, kí ìtàn náà má baà bá òun kú. Ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì ó padà wá, àwọn ènìyàn sì ti gbọ́, wọ́n wá jókòó. Ní ọjọ́ kẹta, èrò ti di ọ̀pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, a wá a tì.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò yìí pọ̀. Ìwé kò ní ohùn. Ojú ni a fi ń kà á, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń kà á, ní ìdákẹ́jẹ́. Ìtàn Yorùbá sì ti mọ́ etí lára, ó ti mọ́ agbo lára, kí apàlọ́ máa pa á kí àwọn èrò máa gbè é. Fágúnwà kò jẹ́ kí agbo náà tú nígbà tí ìtàn wọ inú ìwé. Ó fi asọ̀tàn sí i, ó fi akọ̀wé sí i, ó fi àwọn olùgbọ́ sí i, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún òǹkàwé kí ó wá jókòó láàárín wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń fara da ìwàásù rẹ̀. Àwọn kan ti sọ pé ìwàásù inú ìwé Fágúnwà pọ̀ jù, wọn kò sì parọ́. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, ọjọ́ méje gbáko ni ó fi ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n iwájú àgbà ni àwọn ọdẹ náà jókòó sí, bí ọmọ ti ń jókòó sí iwájú bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tọ́ sí ẹnu ẹni tí ń sọ ọ́, ó sì tọ́ sí etí ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá kó irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ sínú ìtàn láìsí Ìrágbèje, láìsí ọdẹ, yóò rí i pé òǹkàwé ń fò ó kọjá.

Èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tẹ̀lé Fágúnwà kò fiyè sí. Lẹ́yìn tí Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ti jáde ní 1949, tí Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje sì jáde ní 1954, ó dà bí ẹni pé gbogbo ẹni tí ó lè mú kálàmù ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń di ọdẹ. Iwin kún inú ìwé, orúkọ gígùn-gígùn kún inú ìwé, àfiwé méje lórí ohun kan ṣoṣo. Àwọn kan nínú wọn lọ́gbọ́n lórí. Ogunsina Ogundele, fún àpẹẹrẹ, gbé ìtàn tirẹ̀ lọ sí ibú omi nínú Ibú Olókun tí ó jáde ní 1956. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù ni a ti gbàgbé. Wọ́n wọ igbó Fágúnwà, wọn kò sì gbọ́ ohùn tí ó wà nínú rẹ̀. Igbó kì í ṣe ti Fágúnwà nìkan, inú ìtàn àwọn ọdẹ àti àlọ́ àwọn bàbá wa ni ó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni bí gbólóhùn rẹ̀ ti ń lọ: bí ó ti ń gùn, tí ó ń yí, tí ó ń kó ẹrù rù, tí kò sì ṣubú. Ìlù ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ lù ú gbọ́dọ̀ wá tirẹ̀ rí.

Ó tún yẹ kí a rántí irú ìgbésí ayé tí ọkùnrin náà gbé. Kò sí ìgbà kan tí ìwé kíkọ nìkan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ ni, lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀ ní Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn èyí ó di aṣojú ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Heinemann, iṣẹ́ yìí ni ó sì ń ṣe nígbà tí omi gbé e lọ ní agbègbè Bídà ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Láàárín iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọ̀nyí ni ó ti kọ ìwé márùn-ún, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn, Àdììtú Olódùmarè, sì jáde ní 1961. Ní 1960 òun fúnra rẹ̀ kọ àròkọ kan lórí kíkọ ìwé ìtàn àròsọ sínú ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́. Ibi tí ó yàn láti gbé e sí fi hàn pé àárín àwọn olùkọ́ bí i tirẹ̀ ni ó ti retí pé àwọn òǹkọ̀wé yóò ti jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, òǹkàwé di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn atẹ̀wé sì ń wá ìwé kiri bí ẹni tí ń wá omi ní ẹ̀ẹ̀rùn. J. F. Ọdúnjọ, ẹni tí ó kọ Aláwìíyé, kọ ìtàn Kúyẹ̀ ní 1964. Isaac Délànọ̀ ti kọ Ayé D'Ayé Òyìnbó ní 1955, ẹnu obìnrin, Àṣàbí, ni ó sì gbé ìtàn náà sí, kí a lè fi ojú ẹni tí ó wà nínú ilé rí bí òyìnbó ti ń wọ ìlú.

Adébáyọ̀ Fálétí ṣe ohun tí ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, tí ó jáde ní 1969, Àjàyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti máa sin ìlú tí ó ń jẹ gàba lé wọn lórí. Àjàyí ni ó ń sọ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun tú wọn ká, tí Ìbíwùmí gba ọ̀tọ̀ lọ, tí Àyọ̀wí gba ọ̀tọ̀ lọ, kò sí bí Àjàyí yóò ti mọ ohun tí ojú wọn rí. Òǹkọ̀wé tí kò bá ní sùúrù yóò jẹ́ kí Àjàyí mọ̀ ọ́n tipátipá. Fálétí dúró títí wọ́n fi padà pàdé, ó sì ní kí olúkúlùkù ròyìn ti ara rẹ̀. Kò sí ohun tí ó rọrùn ju èyí lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni ó sọ ọ́, àwa òǹkàwé sì rí ogun kan náà láti ojú mẹ́ta.

Ọdún kan náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mú Àjà Ló Lẹrù jáde, tí ó sì fi Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní 1971. Ibi yìí ni ìtàn àròsọ Yorùbá ti ṣẹ́rí lọ sí ọ̀nà mìíràn pátápátá. Lápàdé, ẹni tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ni ó ń lépa àwọn ọ̀daràn nínú àwọn ìwé náà, kò sì sí bàbá arúgbó kankan tí ó wọlé wá bẹ akọ̀wé pé kí ó kọ ọ́. Asọ̀tàn ti fara pa mọ́. Àwọn ẹ̀dá inú ìtàn ni ó ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń parọ́, tí a sì ti inú irọ́ wọn mọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu rọrùn láti kọ, kí ó ṣí ojú ewé mẹ́ta péré nínú ìwé Òkédìjí, kí ó fi ọwọ́ bo orúkọ àwọn tí ń sọ̀rọ̀, kí ó sì kà á sókè. Yóò mọ ẹni tí ń sọ èwo. Kí ó wá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ òwe ni ó yẹ kí a fi kún un níbí. Àwọn olùkọ́ kan a máa fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní máàkì nítorí iye òwe tí ó kó sínú àròkọ, àṣà yìí sì ti ba ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé jẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òwe kì í ṣe iyọ̀ tí a ń bù sí gbogbo ọbẹ̀. Nínú ìwé Òkédìjí, òwe a máa jáde lẹ́nu ẹni tí ó ní ìdí láti pa á: bóyá ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, bóyá ó fẹ́ halẹ̀, bóyá ó fẹ́ sá fún ìbéèrè. Nígbà mìíràn a ó yí òwe náà po kí ó lè pani lẹ́rìn-ín. Ọmọdé inú ìtàn tí ó ń pa òwe bí ọlọ́dún ọgọ́rin, láìsí pé ẹnì kan ya ẹnu sí i tàbí kí ó ní kí ó tọ́rọ̀, òǹkọ̀wé ni ó ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú, tí ó jáde ní 1974. Kò wọ igbó, kò lépa ọ̀daràn. Inú Yunifásítì Ìbàdàn ni ó jókòó sí, ó sì wo Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ìyàwó kí ó tó jáde, pẹ̀lú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rí lójoojúmọ́, tí wọ́n sì rò pé kò tó ohun tí a ń fi Yorùbá kọ, ni ó mú. Ìwé náà fi hàn pé èdè yìí lè sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àárín ọ̀dọ́ tí ó kàwé, lẹ́tà wọn, àwàdà wọn àti owú wọn, láìkọsẹ̀. Túndé Kèlání sọ ọ́ di sinimá ní 1997, àwọn tí kò tíì ka ìwé náà rí sì mọ Àjàní.

Àwọn tí ó ń fẹ́ kọ̀wé lónìí kò ní ìrọ̀rùn tí àwọn ti ọdún 1955 ní. Àwọn atẹ̀wé kò wá wọn kiri mọ́. Ìwé tí kò bá sí nínú ètò ìdánwò, agbára káká ni ó fi ń rí atẹ̀wé, èyí tí ó bá sì fẹ́ wọ ètò ìdánwò, ọ̀pọ̀ nǹkan ni yóò yọ kúrò lára rẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́. Bí Sẹ̀gilọlá bá wá sí ẹnu ọ̀nà àwọn tí ń yan ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ lónìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà. Ṣùgbọ́n Thomas kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn kékeré, ó sì lò ó. Irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní ìgbà tiwa, yálà nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni tàbí lórí ẹ̀rọ alágbèéká. Èyí tí ó wọ́n ni ẹni tí yóò mú orí kan wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí yóò sì mú èyí tí ó tẹ̀lé e wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, tí yóò fi àmì ohùn sí ibi tí ó yẹ, tí yóò kà á sókè sí etí ẹlòmíràn kí ó tó fà á kalẹ̀, tí yóò sì tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́.

Ọ̀ràn ẹ̀dà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn tí Thomas kó àwọn lẹ́tà náà jọ kí Karin Barber, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, tó tún tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012, Yorùbá àti ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú díẹ̀ nínú ohun tí àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà ń sọ. Bí kò bá jẹ́ pé àwọn kan ti fi ẹ̀dà pamọ́, àwọn lẹ́tà náà ìbá ti bá ìwé ìròyìn tí ó gbé wọn jáde lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n wà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì ṣí ìwé náà lónìí yóò bá Sẹ̀gilọlá lórí ibùsùn rẹ̀ níbẹ̀, tí ó ń ráhùn, tí ó ń tọrọ àforíjì, tí ó sì tún ń sọ nípa ẹwà rẹ̀ lọ́nà kan tí kò jọ ti ẹni tí ó ronú pìwà dà.